Ẹ má tíì yáwó: bí a ṣe ń wá owó yunifásítì fún ọmọ tó ní ìpèníjà ara ní Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18. SS ni, àìsàn náà sì ti ba egungun ìbàdí rẹ̀ kan jẹ́, igi ló fi ń rìn. Ó ti ń gba SSI (owó oṣooṣù tí ìjọba àpapọ̀ ń fún aláìlera tí owó rẹ̀ kò pọ̀) láti kékeré. Yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ wa níbí ní Amẹ́ríkà ti gbà á wọlé fún oṣù kẹjọ, àmọ́ lẹ́yìn Pell (owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ tí a kì í san padà) àti gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà wọn, $9,000 ló ṣì kù lọ́dún. Bàbá rẹ̀ ní ká yá Parent PLUS, owó tí òbí ń yá lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ọmọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ dáwó fún un. Ẹnì kan tún sọ pé tó bá ti gba owó ilé-ìwé, ìjọba máa dá SSI rẹ̀ dúró. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí Parent PLUS. Kì í ṣe pé ó burú, àmọ́ òun ló yẹ kó kẹ́yìn. Ọ́fíìsì tí owó ọmọ yín wà ní ọwọ́ wọn ju ẹyọ kan lọ, wọn kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àti ọmọ ni ẹ máa rìn láti ọ̀kan dé èkejì, ibi tí ẹ bá sì kọ́kọ́ yà sí ló ń sọ iye tí ẹ máa rí. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà kó tó dé ọ̀dọ̀ VR (ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń ran aláìlera lọ́wọ́ láti ríṣẹ́) ti fi owó ara rẹ̀ san ohun tí ìjọba ìbá san. Ẹni tó já kíláàsì sílẹ̀ kó tó béèrè lè jí lọ́jọ́ kejì kó bá gbèsè ilé-ìwé lọ́rùn ara rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, tí ẹ ti kọ. Ẹ wọlé sí studentaid.gov, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò padà. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé ń gba SSI, Medicaid (inṣọ́ránsì ìlera ìjọba) tàbí SNAP (owó oúnjẹ ìjọba). Ojú máa ń ti àwọn òbí kan láti dáhùn, wọ́n á fò ó. Ẹ má fò ó. Ìdáhùn yẹn kì í dín ìrànwọ́ kù, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n má kà ohun ìní yín mọ́ ìṣirò rárá. Owó SSI fúnra rẹ̀ kì í ṣe owó tí a ń kọ síbẹ̀ bí owó tó wọlé. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ lè tún un ṣe, kọ̀ǹpútà á sì fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé. Ọdọọdún ni ẹ máa kọ òmíràn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ṣí i fún ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àti ilé-ìwé sì máa ń ti ìlẹ̀kùn tiwọn tipẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ tó ti tirẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń dojú rú mọ́ àwọn òbí lọ́wọ́. Ní ọ́fíìsì SSI, oṣù tó tẹ̀ lé èyí tí ọmọ pé 18 ni wọ́n ti dẹ́kun láti máa ka owó bàbá àti ìyá mọ́ ọn lọ́rùn. Ní FAFSA, wọ́n á ṣì máa ka owó yín títí á fi pé 24, àyàfi tó bá gbéyàwó tàbí tó bá bọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ipò díẹ̀ mìíràn tí òfin yọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ọ́fíìsì kan bá ní “owó yín kò kàn wá,” tí èkejì ní “ẹ mú ìwé owó orí yín wá,” kò sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ SSI tó ń dẹ́rù bà yín. Pell, Work-Study (iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba ń bá ilé-ìwé sanwó rẹ̀), owó yíyá ìjọba àpapọ̀, gbogbo ohun tó bá ti gba ọ̀nà FAFSA wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, SSI kì í kà á rárá, yálà bí owó tó wọlé tàbí bí owó ìpamọ́. Síkọ́láṣípù láti ibòmíràn ni a fi ń ṣọ́ra. Èyí tó bá lọ sí owó ẹ̀kọ́, owó ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé, wọn kì í kà á. Èyí tó bá lọ sí oúnjẹ àti ilé gbígbé, wọ́n á kà á. Owó ẹ̀kọ́ tí kò tíì ná ní oṣù 9 láti ìgbà tó ti gbà á ni wọn kì í kà mọ́ ohun ìní rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti di owó báǹkì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹ sì máa sọ ìyípadà fún Social Security, ọ́fíìsì tó ń san SSI, kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Àìsọ ló máa ń mú kí wọ́n kọ lẹ́tà “ẹ dá owó padà” sí ènìyàn lẹ́yìn ọdún méjì.

Ibi tí ewu wà gan-an ni owó ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àwọn ará bá dá $5,000 tí pásítọ̀ sì kó o lé ọmọ lọ́wọ́ níwájú ìjọ, lójú SSI, owó ti wọlé fún un lóṣù yẹn. Bí ó bá sì fi ju $2,000 sílẹ̀ ní báǹkì kí oṣù tó ń bọ̀ tó wọlé, kò ní rí SSI oṣù náà gbà. Inú rere àwọn ará á wá di ìpalára. Ọ̀nà méjì ló dára. Kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ ṣẹ́ẹ̀kì sí orúkọ yunifásítì, fún owó ẹ̀kọ́ nìkan, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ lórí rẹ̀. Tàbí kí wọ́n san án sínú àkáǹtì ABLE, àkáǹtì ìpamọ́ fún aláìlera, tó jẹ́ ti ọmọ. Àìsàn rẹ̀ ti wà láti ìbí, ó sì ń gba SSI, nítorí náà ó yẹ láti ṣí i láìsí wàhálà. Ní 2025, gbogbo ènìyàn lápapọ̀ lè san tó $19,000 sínú rẹ̀ láàárín ọdún. Títí dé $100,000, SSI kò ní kà á mọ́ ohun ìní, FAFSA náà kò kà á. Ó lè fi san owó ẹ̀kọ́, ìwé, ọkọ̀, igi ìrìn tuntun, ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ àìlera rẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì yìí kí ìkówójọ tó bẹ̀rẹ̀.

Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀ níta, kò sí ìbẹ̀rù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé 22, tó ń lọ kíláàsì fún ó kéré tán wákàtí 8 lọ́sẹ̀, SSI kò ní ka $2,350 nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù kan ní 2025, títí dé $9,460 lọ́dún. Wọ́n ń gbé iye yìí sókè lọ́dọọdún.

Ẹ tún máa retí lẹ́tà àyẹ̀wò ọdún 18. Wọ́n á tún ọ̀rọ̀ ọmọ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú òfin àgbàlagbà, èyí tó le ju ti ọmọdé lọ. Bí wọ́n bá ní kò yẹ mọ́, ọjọ́ 60 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 péré lẹ́yìn tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ yín ni ẹ ní láti béèrè pé kí owó máa wọlé títí ẹjọ́ á fi parí. Ìdí kan nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ yára lọ sí VR: bí ètò VR bá ti bẹ̀rẹ̀ kí SSI tó dúró, Social Security lè máa sanwó náà lọ títí ètò á fi parí.

VR ni Vocational Rehabilitation. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, láti inú òfin Rehabilitation Act ti 1973. Ọ̀pọ̀ ẹbí wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni owó tó máa dín $9,000 yín kù wà. Wọ́n lè san lára owó ẹ̀kọ́, ìwé, ọkọ̀, kọ̀ǹpútà àti irinṣẹ́ tí ọmọ nílò láti dé ibi iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ẹni tó ń gba SSI nítorí àìlera, òfin ti gbà pé ó yẹ, bó bá ṣáà ti fẹ́ ṣiṣẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ ní kó dá lára owó nítorí iye tó ń wọlé fún un. Lẹ́tà SSI rẹ̀ ni kí ẹ mú dání.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ 60 ni òfin fún wọn láti sọ bóyá ó yẹ, lẹ́yìn rẹ̀ ọjọ́ 90 láti kọ ètò iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní IPE. Bí wọ́n bá lo gbogbo rẹ̀, oṣù márùn-ún ti lọ. Ilé-ìwé á ti wọlé. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ọmọ fi orúkọ sílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tún ní àkọsílẹ̀ àwọn tó ń dúró, àwọn tí àìlera wọn le jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ níbẹ̀ rọrùn láti yẹra fún. Olùdámọ̀ràn á bi í pé, “Iṣẹ́ wo lo fẹ́ ṣe?” Ọmọ á ní òun kò tíì mọ̀. VR kì í sanwó fún ẹ̀kọ́ nítorí pé ẹ̀kọ́ dára. Wọ́n ń sanwó fún ẹ̀kọ́ tó bá jẹ́ pé láìsí i, iṣẹ́ náà kò lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Kí ó lọ pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ kan. Ká ní iṣẹ́ ìṣirò owó ni, kó lè sọ pé ìjókòó ni wọ́n fi ń ṣe é, pé ìbàdí òun gbà á, pé oyè yunifásítì ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń béèrè, kó sì mú ìkéde iṣẹ́ bíi mẹ́ta dání tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè yí i padà lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á tún ètò náà kọ.

Lẹ́yìn náà, VR á ní kí Pell kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí tiwọn tó tẹ̀ lé e. Òfin ni, ẹ má bá wọn jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n síkọ́láṣípù tó gbà nítorí pé ó mọ̀wé kò sí lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ kúrò. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń ran àìlera rẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò gbọdọ̀ ní kó lọ wá owó rẹ̀ níbòmíràn kí wọ́n tó dá a lóhùn. Ohunkóhun tí ẹ bá rà kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé, ẹ má retí owó rẹ̀ padà. Bí olùdámọ̀ràn bá kọ̀ láìsí ìdí tó yè kooro, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Client Assistance Program, CAP, tó máa bá yín dá sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní yunifásítì fúnra rẹ̀, ìwé méjì ni kí ẹ kọ sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́. Ẹ má pa wọ́n pọ̀, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Àkọ́kọ́ dá lórí iye tí ilé-ìwé ṣírò pé ọdún kan máa ná ọmọ, èyí tí wọ́n ń pè ní cost of attendance. Iye yìí ni òrùlé: gbogbo ìrànwọ́ pa pọ̀, ti VR àti ti síkọ́láṣípù mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ ga jù ú lọ. Bí òrùlé bá kéré jù, síkọ́láṣípù tuntun á kàn lé ògbólógbòó jáde ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì gbà kí wọ́n fi ìnáwó àìlera kún un: olùrànlọ́wọ́, ìrìnnà, ohun èlò, ohunkóhun tí ọ́fíìsì mìíràn kò bá ti san. Ẹ ṣírò rẹ̀ lóṣooṣù: ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀jẹ̀ àti bọ̀, yàrá ìsàlẹ̀ tó súnmọ́ kíláàsì bí ó bá wọ́n ju ti àwọn yòókù lọ, ọkọ̀ inú ọgbà ní ọjọ́ òtútù. Ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn. Ìwé yìí kì í mú owó wá fúnra rẹ̀, ààyè ló ń ṣí fún owó.

Ìwé kejì ń béèrè fún professional judgment. Òun ló dá lórí owó tiyín. Bí ẹ bá ti san owó ọsibítù tí inṣọ́ránsì kò san, tàbí tí ẹ̀yin tàbí bàbá rẹ̀ ti dín wákàtí iṣẹ́ kù nítorí ìtọ́jú rẹ̀, ìwé owó orí ọdún méjì sẹ́yìn tí FAFSA ń lò kò sọ bí nǹkan ṣe rí lónìí. Aláṣẹ ọ́fíìsì náà lè yí ìṣirò padà, lórí ẹ̀rí, ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bó bá kọ̀, kò sí ibi tí ẹ máa gbé e lọ ní Wáṣíńtìnì, nítorí náà kí ìwé náà mọ́ nínú kó tó jáde: ìṣẹ̀lẹ̀ kan, iye kan, rìsíìtì kan.

Ọ́fíìsì kejì nínú ọgbà ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara. IEP, ìwé ètò ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àìlera, tó ní ní ilé-ìwé gíríìmà kò bá a dé yunifásítì. Kò sí ẹni tó máa wá a kiri, òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ sọ pé àìlera wà. Àwọn ẹbí wa kì í fẹ́ kí orúkọ SS jáde, ó sì yé ni ìdí. Ṣùgbọ́n bí kò bá forúkọ sílẹ̀ kí ìrora tó dé, ilé-ìwé kò ní ẹ̀rí kankan láti fi ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá dé. Òfin ADA ti 1990 àti Section 504, tó ń dáàbò bo àwọn aláìlera, kò gbà kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìrànwọ́ tó nílò nínú kíláàsì. Lẹ́tà dókítà tó kàn sọ pé “SS ni aláìsàn yìí” kò tó. Kí dókítà kọ bí ó ṣe lè rìn jìnnà tó kí ìbàdí tó dá a dúró, ìgbà mélòó ló wọ ọsibítù láàárín oṣù 12, ohun tí òtútù àti òùngbẹ ń ṣe fún un, àti iye ọjọ́ tó ń gbà kí ara rẹ̀ tó padà sípò. Ẹ ní kí ọmọ buwọ́ lu ìwé àṣẹ pé ilé-ìwé lè bá yín sọ̀rọ̀. Láìsí i, ilé-ìwé lè kọ̀ láti dá ìyá lóhùn lórí fóònù, kódà bí ọmọ bá wà lórí ibùsùn ọsibítù.

Ibi tí owó ti máa ń sá lọ jù fún ọmọ SS ni iye kírẹ́díìtì, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tó ń kà ní sáà kan. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024–25, Pell ń tẹ̀ lé kírẹ́díìtì ní ìdá-ìdá. Pell tó ga jù ní 2025–26 jẹ́ $7,395, ìyẹn $3,697.50 ní sáà kan fún kírẹ́díìtì 12. Bí ó bá ju kíláàsì kan sílẹ̀, tí kírẹ́díìtì rẹ̀ wá di 9, kí ọjọ́ tí ilé-ìwé ń ka kírẹ́díìtì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọjá, Pell sáà náà á bọ́ sí nǹkan bí $2,773, ilé-ìwé á sì ní kó san $924 tó yàtọ̀. Ilé-ìwé lè gbà pé 9 ni “kíkún” fún un nítorí àìlera, fún ibùgbé àti fún síkọ́láṣípù tiwọn. Pell kò mọ ìyẹn, iye tó ń kà gan-an ló mọ̀.

Síbẹ̀, 9 ni mo máa yàn fún un. Ìdí rèé. Bí ó bá ka 9 ní sáà kìíní àti 9 ní sáà kejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún Pell ọdún náà ṣì kù nílẹ̀: $1,848.75. Bí ó bá ka kírẹ́díìtì 6 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iye tó tọ́ sí i jẹ́ $1,848.75 gẹ́lẹ́. Àròpọ̀ kírẹ́díìtì rẹ̀ á jẹ́ 24, Pell rẹ̀ á sì pé $7,395, bí ẹni tó ka 12 lẹ́ẹ̀mejì. Ara á sinmi, ìgbà òtútù tí ìrora ń le sí i kò ní wúwo, Pell rẹ̀ kò sì sọnù. Kí ó kàn béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì owó pé kí wọ́n ṣètò ti ẹ̀ẹ̀rùn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Bí ìrora bá gbé e wọ ọsibítù láàárín sáà, kí ó má ṣe kúrò nínú gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà kó tó bá ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ àti ti àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kúrò pátápátá kí ìdá 60 nínú 100 sáà tó pé, ní sáà ọ̀sẹ̀ 15 ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, lára owó ìjọba á padà, ilé-ìwé á sì kọ gbèsè sí i lọ́rùn. Kí ó kọ́kọ́ béèrè fún “Incomplete,” kó lè parí iṣẹ́ tó kù lẹ́yìn náà. Ilé-ìwé tún máa ń fẹ́ kó yege nínú nǹkan bí ìdá 67 nínú 100 kírẹ́díìtì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ 12 tó yege nínú 6 ti jábọ́, ìrànwọ́ lè dúró. Àìsàn wà lára ohun tí òfin gbà fún ẹ̀bẹ̀, àmọ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun méjì: ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tó ti yí padà tí kò fi ní ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n ń dá nù sábà máa ń jẹ́ àwọn tó gbàgbé èkejì.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí owó kan bá ṣì kù láti yá, kí ọmọ kọ́kọ́ yá Direct Loan, owó yíyá ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, ní orúkọ ara rẹ̀: títí dé $5,500 ní ọdún kìíní, nínú èyí tí Subsidized (èyí tí ìjọba ń san èlé rẹ̀ nígbà tó bá wà nílé-ìwé) kò lè ju $3,500 lọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni pé bí àìlera bá padà le débi tí kò lè ṣiṣẹ́, ìjọba lè pa gbèsè náà rẹ́ nítorí àìlera pátápátá. Parent PLUS kò ní irú ọ̀nà yìí fún yín. Orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀, àìlera ọmọ kò lè pa á rẹ́, àìlera òbí tó yá a nìkan ló lè ṣe é. Bí bàbá rẹ̀ bá béèrè PLUS tí wọ́n sì kọ̀ nítorí ìtàn gbèsè rẹ̀, ọmọ lè yá $4,000 sí i ní ọdún kìíní náà. Bí wọ́n bá sì pa gbèsè ọmọ rẹ́ lọ́jọ́ kan lórí ìwé dókítà tàbí ti Social Security, kí ó má yá Direct Loan mìíràn láàárín ọdún mẹ́ta, torí èyí tí wọ́n pa rẹ́ á padà sí ọrùn rẹ̀.